Ọyún inú ìbàdí kì í dúró de owó: Iṣẹ́ abẹ ọjọ́ kìíní ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ títiro

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Ìròyìn ayọ̀ ni. Irú rẹ̀ mìíràn ṣì máa ń yọjú níbi tí àjẹsára kò bá ti kárí, nítorí náà kí òbí kankan má ṣe tìtorí ìkéde yẹn fi àjẹsára ọmọ rẹ̀ falẹ̀.

Síbẹ̀, ọmọ tó ń tiro kò tíì tán láàárín wa. Láti Kaboua dé Ṣábẹ̀, láti Kétu dé Ṣakí, a ṣì ń rí ọmọ tó ń fi orí ìka ẹsẹ̀ kan rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré ṣíwájú rẹ̀. Tí ẹ bá béèrè ohun tó ṣe é, ìdáhùn kì í pọ̀: wọ́n á ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni, tàbí abẹ́rẹ́ ló bọ́ sí ibi tí kò yẹ, tàbí ayé ló ṣe é.

Bẹ́ẹ̀, lára àwọn ọmọ yìí ni àwọn tí kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kò bá jà rí. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ni ibà mú wọn, tí ọyún gba inú oríkèé ìbàdí wọn, tó sì jẹ orí egungun itan wọn. Ibà lọ, ọmọ yè, gbogbo ilé dúpẹ́. Ẹ̀yìn oṣù mélòó kan ni wọ́n tó rí i pé ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ.

Iṣẹ́ abẹ méjì ló wà fún ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní kéré: wọ́n á la oríkèé, ọyún á jáde, wọ́n á fọ inú rẹ̀. Ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì àìsàn ni àsìkò rẹ̀. Èkejì tóbi, ó gbówó lórí, ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ṣe é, kò sì lè dá ohun tó ti bàjẹ́ padà sí bó ṣe wà. Ìṣòro wa ni pé èkejì ni à ń wá owó rẹ̀ kiri, nígbà tí èkíní ti kọjá lójú wa. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Bí ọyún ṣe ń dé inú ìbàdí

Orí egungun itan rí roboto, ó sì wọ inú kòtò kan lára egungun ìbàdí bí orí ọmọ odó ṣe ń wọ inú odó. Àpò awọ líle kan bò wọ́n yíká, omi díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí oríkèé yọ̀ geere. Lára ọmọ kékeré, orí egungun yìí kò tíì le. Kèrékèré ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kòkòrò lè gba ojú ìdodo tí wọn kò tọ́jú dáadáa wọ inú ara, ó sì lè gba ojú egbò tàbí eéwo. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kòkòrò náà ni Staphylococcus, kòkòrò kan náà tó máa ń fa eéwo lára ọmọ. Àwọn ọmọ tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, èyí tí àwọn dókítà ní Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní drépanocytose, tún ní láti ṣọ́ra fún kòkòrò Salmonella, tó bá ti tàífọ́ọ̀dù tan, nítorí ó fẹ́ràn láti ba egungun àti oríkèé wọn jà.

Tí kòkòrò bá ti wọ oríkèé, ọyún á bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ewu méjì á sì dé pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ọyún ń jẹ kèrékèré. Wákàtí ni a fi ń ka ìbàjẹ́ yìí, a kì í fi ọ̀sẹ̀ kà á. Ìkejì ni pé àpò awọ yẹn kì í gbà ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí egungun gbà kọjá. Bí ọyún ṣe ń kún, bẹ́ẹ̀ ló ń fún wọn lọ́rùn, títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé orí egungun mọ́. Orí egungun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé á kú. Nígbà mìíràn, ọyún á ti orí egungun jáde kúrò nínú kòtò rẹ̀ pátápátá, ìbàdí á sì yẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1874, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní London, Thomas Smith, kọ̀wé nípa àrùn yìí lára àwọn ọmọ ọwọ́, nígbà tí kò tíì sí oògùn apakòkòrò kankan láyé. Ó ti tó ọdún 150 tí àwọn oníṣègùn ti mọ ohun tí ọyún ń ṣe nínú oríkèé. Ohun tó kù ni kí ìmọ̀ náà tètè dé ibi tí ọmọ wà.

Àmì mẹ́rin, méjì nínú rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ

Ní ọdún 1999, àwọn dókítà kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, tí Mininder Kocher ṣáájú wọn, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí bí a ṣe lè dá ọyún inú ìbàdí mọ̀ yàtọ̀ sí ìrora ìbàdí mìíràn tó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Àmì mẹ́rin ni wọ́n tò sílẹ̀. Ọmọ kò lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná kọjá 38.5. Nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní VS ní Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ESR ní Nàìjíríà, kọjá 40. Ìkẹrin, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kọjá 12,000. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé sára ọmọ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọyún ni.

Ẹ wò ó dáadáa. Méjì nínú mẹ́rin yẹn kò nílò yàrá àyẹ̀wò. Ojú ló ń rí ọmọ tí kò tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara ló sì ń sọ èkejì, ó sì yẹ kí ẹ̀rọ yẹn wà ní gbogbo ilé ìlera, títí kan èyí tó kéré jù.

Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì máa rìn ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ni dókítà àkọ́kọ́. Ọmọ tí ìbàdí ń dùn kì í fẹ́ kí wọ́n ya itan òun. Tí ìyá bá fẹ́ pọ̀n ọ́n, bó ṣe ń ya itan rẹ̀ sí ẹ̀yìn ni yóò figbe ta. Tí wọ́n bá ń pààrọ̀ aṣọ ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ kan á máa ta, èkejì á dúró gbagidi, orúnkún rẹ̀ á tẹ̀, itan rẹ̀ á ṣí síta. Kí ẹ sì rántí pé ara ọmọ tuntun lè má gbóná rárá. Ó lè jẹ́ pé kò mu ọmú dáadáa mọ́, tó sì ń sunkún tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ ká mọ̀. Lára àwọn èèyàn tó ń pọn ọmọ, ìbàdí tó yẹ̀ láti inú oyún ṣọ̀wọ́n, nítorí pé itan tó ya sí ẹ̀yìn ìyá ń jẹ́ kí orí egungun jókòó dáadáa sínú kòtò rẹ̀. Nítorí náà, tí a bá rí ọmọ wa tí ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, ó yẹ ká bi ìyá rẹ̀ bóyá ibà líle kan mú un rí nígbà tó wà ní kékeré.

Kí ló ń dá wa dúró?

Ibà ni àkọ́kọ́. Ní agbègbè wa, ibà tí ẹ̀fọn ń fà wọ́pọ̀ débi pé gbogbo ara gbígbóná ni a fi ń pè é. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò, wọ́n á rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n á fún un ní oògùn ibà, wọ́n á ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, ọmọ lè ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ kó sì tún ní ọyún nínú ìbàdí. Oògùn ibà kò lè wo ọyún. Ibà kì í sì í ní kí ọmọ má gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti òbí nìkan, òṣìṣẹ́ ìlera náà máa ń ṣe é.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún síbi tí kò yẹ ní ìdí lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí iṣan rẹ̀ bàjẹ́ máa ń rọ jọwọrọ, ẹ lè gbé e sókè sódò kí ọmọ má sunkún. Ẹsẹ̀ tí ọyún wà ní ìbàdí rẹ̀ ni ọmọ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ẹ tún béèrè pé èwo ló ṣáájú. Tí ọmọ kò bá ti gbé ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ kọ́ ló fà á.

Ìkẹta ni teguntegun. Àwọn bàbá wa tó ń to eegun ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti jàǹfààní wọn. Àmọ́ ìbàdí tó ní ọyún kò ṣẹ́, kò sì rọ́. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ tò níbẹ̀. Kí wọ́n máa fi omi gbígbóná jó o, kí wọ́n máa fọwọ́ ra á, kí wọ́n fi ọparun dì í, ọjọ́ ló ń jẹ lọ́wọ́ ọmọ. Teguntegun tó gbọ́n ni èyí tó bá fọwọ́ kan ara ọmọ, tó rí i pé ó gbóná, tó sì sọ pé, "Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù báyìí." Ó yẹ kí àwọn olórí ìlú pè wọ́n jókòó, kí wọ́n sì bá wọn dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin ni oògùn orí igbá. Ní ọdún 2017, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbógun ti ọjà oògùn Adjégounlè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Síbẹ̀ àwọn hóró oògùn apakòkòrò tí a kò mọ ọjọ́ orí wọn ṣì ń rìn kiri ọjà àwọn abúlé. Hóró méjì tàbí mẹ́ta lè mú kí ara ọmọ tutù díẹ̀, kí òbí rò pé àìsàn ń lọ. Ọyún kò lọ. Ńṣe ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, dókítà tó bá sì rí ọmọ náà lẹ́yìn ìyẹn lè má tètè mọ̀.

Ìkarùn-ún ni owó àti ọ̀nà. Ará Kaboua gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Ṣábẹ̀, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Savè. Tí wọ́n bá ní kó máa lọ síwájú, Parakú wà ní òkè, Kútọnu sì wà ní ìsàlẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 250 sí Ṣábẹ̀. Owó zẹ́mí, owó ọkọ̀, owó àyẹ̀wò, oúnjẹ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ: gbogbo rẹ̀ ni bàbá ń kà sí orí ìka. Tó bá sì jẹ́ ìgbà òjò ni, owó kájù ti tán, iṣu tuntun kò tíì jáde, ọ̀nà oko sì ti bàjẹ́. Bí ilé bá ń wá ẹni tó máa yá wọn lówó fún ọjọ́ mẹ́rin, ọyún kò ní dúró dè wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìrètí pé ìbàdí yóò padà bó ṣe wà ti dín kù gidigidi.

Ohun tí iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ jẹ́

Dókítà á fi abẹ́rẹ́ fa omi inú oríkèé wò. Tí ẹ̀rọ ekografi bá wà, ó lè fi rí i bóyá omi ti kún inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọyún ló jáde, wọ́n á fún ọmọ ní oògùn oorun, wọ́n á la ojú kékeré kan sí ìbàdí, wọ́n á ṣí àpò awọ náà, wọ́n á sì fi omi tó mọ́ fọ inú rẹ̀ léraléra. Oògùn apakòkòrò á gba inú iṣan wọlé ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọmọ á máa mu ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n lè fi nǹkan fa ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi plâtre dì í, kí ìbàdí má bàa yẹ̀.

Oògùn nìkan kò tó. Bí òbí bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ la ara ọmọ ọdún kan, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú oògùn wò. Kò sóhun tó burú nínú ìbẹ̀rù yẹn, ṣùgbọ́n ọyún tó wà nínú àpò tó ti dì ní láti rí ọ̀nà jáde. Bí eéwo ṣe rí náà nìyẹn: gbogbo wa la mọ̀ pé kì í san títí yóò fi tú.

Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ tó kọ ìtẹ̀jáde kẹta Disease Control Priorities to iṣẹ́ abẹ 44 tó ṣe kókó jù fún àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀. Fífa ọyún jáde nínú oríkèé wà lára wọn, ilé ìwòsàn agbègbè ni wọ́n sì tò ó sí. Ìyẹn ni pé lójú wọn, kò yẹ kí ọmọ gun ọkọ̀ dé olú ìlú kó tó rí i gbà.

Tó bá ti pẹ́ ńkọ́?

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ti ń tiro yóò máa béèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Rárá. Ohun tí dókítà lè ṣe wà lọ́wọ́ ohun tó kù nínú ìbàdí náà, fọ́tò egungun ló sì ń sọ ọ́.

Tí orí egungun bá ṣì wà, àmọ́ tó ti yẹ̀, wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ láti dá a padà sínú kòtò. Wọ́n lè gé egungun itan díẹ̀ kí wọ́n tún un dojú kọ kòtò, tàbí kí wọ́n tún òrùlé kòtò náà ṣe kó lè bo orí egungun dáadáa.

Tí orí egungun bá ti jẹ tán lára ọmọ kékeré, àwọn dókítà kan máa ń gbé ìkókó egungun tó wà lókè itan, ní ẹ̀gbẹ́, sínú kòtò kó lè di orí tuntun. Àwọn mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á, nítorí ìbàdí náà lè le gan-an lẹ́yìn náà.

Fún ọmọ tó ti ń bàlágà, ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń gé egungun itan lókè, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kó lè máa fara ti egungun ìbàdí. Wọ́n á tún gé e nísàlẹ̀ láti mú un gùn sí i pẹ̀lú ẹ̀rọ òrùka onírin. Dókítà ará Rọ́ṣíà, Gavriil Ilizarov, tó ṣiṣẹ́ ní Kurgan, ló gbé ẹ̀rọ òrùka yìí jáde. Mìlímítà kan ni wọ́n ń nà án lójúmọ́. Tí ẹsẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kúrú, nínà nìkan gba nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́, egungun tuntun náà á sì tún gba oṣù mélòó kan kó tó le. Ní gbogbo àkókò yìí, wáyà wà nínú ẹran ara, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ lójoojúmọ́, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí dókítà rẹ̀.

Wọ́n tún lè lẹ ìbàdí pọ̀ kó má mì mọ́. Ìrora á lọ, ẹsẹ̀ á lágbára, àmọ́ ẹni náà kò ní lè lóṣòó dáadáa mọ́. Ẹ ro ohun tí ìyẹn jẹ́ fún àgbẹ̀ tó ń kọ ebè. Ìbàdí àtọwọ́dá wà pẹ̀lú. John Charnley ló sọ ọ́ di ohun tó ń pẹ́ lára ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1962. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n sábà ń ṣe é fún, nítorí ó ń gbó, ó sì gbọ́dọ̀ dájú pé kò sí kòkòrò àtijọ́ kankan tó fara pamọ́ níbẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé gbogbo ọmọ tó ń tiro ló nílò ọ̀bẹ. Ọmọ tí nǹkan kò dùn, tó ń rìn, tó ń sáré, lè wà bẹ́ẹ̀, kí oníbàtà kàn gbé ìtẹ̀lẹ̀ bàtà kan ga fún un, kí dókítà sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n kánjú ṣe lè sọ ìbàdí tí kò dùn di èyí tó le tó sì ń dùn. Nítorí náà, kí ẹ tó ta ilẹ̀ tàbí igi kájù, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè márùn-ún: Kí ló kù nínú orí egungun? Ṣé kòkòrò ti kúrò? Mélòó ni ẹsẹ̀ fi kúrú báyìí, mélòó ni yóò sì fi kúrú tí ọmọ bá dàgbà tán? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ máa la á? Kí ni ọmọ yóò lè ṣe lẹ́yìn náà tí kò lè ṣe báyìí?

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é

Ní Bẹ̀nẹ̀, CNHU ti Kútọnu, tí wọ́n fi sọrí Hubert Koutoukou Maga, ní ẹ̀ka egungun. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Parakú. Ní Tanguiéta, lápá òkè orílẹ̀-èdè náà, ilé ìwòsàn Saint Jean de Dieu ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1970. Àwọn tó ní ẹbí ní Nàìjíríà mọ ọ̀nà Igbóbì ní Èkó, ilé ìwòsàn egungun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì mọ UCH ní Ìbàdàn, tó ṣílẹ̀kùn ní 1957.

Ibodè kì í ṣe ohun tí a lè gbára lé, síbẹ̀. Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Ọmọ tí ọyún mú ní àárín méjì yẹn kò lè dúró de ìjọba méjèèjì kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú omi. Africa Mercy, ọkọ̀ ilé ìwòsàn àjọ Mercy Ships, gúnlẹ̀ sí Kútọnu ní 2009, ó tún padà wá ní 2016 sí 2017. Ó ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ń wá, ó ń lọ. Ó lè tọ́ ẹsẹ̀ tó ti wọ́. Kò lè dúró sí èbúté lóru ọjọ́ tí ibà bá mú ọmọ ọdún kan ní Kaboua.

Ohun tó yẹ kí ìjọba àti ìlú ṣe

Ní ọdún 2009, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ sọ iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò náà. Ìdí rẹ̀ yé gbogbo èèyàn: ìyá tó ń rọbí kò lè dúró títí ọkọ rẹ̀ yóò fi rí owó yá. Ìdí kan náà ló wà fún ọyún inú oríkèé. Ilé ìwòsàn tó bá lè ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ ti ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ti ní ẹni tó ń fúnni ní oògùn oorun, ó ti ní iná àti ohun èlò tí wọ́n sè. Ohun tó kù ni kí wọ́n kọ́ àwọn dókítà ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fa ọyún ìbàdí ọmọdé, kí àwọn abẹ́rẹ́ àti oògùn rẹ̀ wà nílẹ̀, kí owó má sì jẹ́ ìdíwọ́ ní wákàtí àkọ́kọ́. Kàkà ká máa béèrè ilé ìwòsàn ńlá tuntun fún agbègbè Ṣábẹ̀ àti Ouèssè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè pé kí èyí tó wà lè ṣe iṣẹ́ kékeré yìí lọ́sàn-án àti lóru.

Ní ọdún 2015 kan náà, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ sọ pé bílíọ̀nù márùn-ún èèyàn láyé ni kò lè rí iṣẹ́ abẹ tó dára gbà nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Àwa náà wà nínú iye yẹn. Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí kò dìgbà tí Kútọnu bá gbọ́.

Ẹgbẹ́ èsúsú obìnrin ọjà lè ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lóru, kí ẹni tó bá lò ó máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn oní-zẹ́mí lè yan ẹni tí wọ́n á pè tí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn aṣojú ìlera abúlé lè fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n ń bi ìyá: "Ṣé ọmọ yìí ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì?" Ìdílé tó bá kúṣẹ̀ẹ́ gan-an lè béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ bóyá orúkọ wọn wà nínú ètò ìlera ARCH, kí àìsàn tó dé.

Fún ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Ọmọ tó ní ibà, tí kò sì gbé ẹsẹ̀ kan, tàbí tó ń ké tí ẹ bá fẹ́ pọ̀n ọ́n, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má ra á, ẹ má dì í, ẹ má ra oògùn orí igbá fún un. Tí wọ́n bá ní ibà lásán ni, ẹ fọwọ́ hàn wọ́n, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ìbàdí rẹ̀." Tí oògùn ibà bá wọlé tí ọmọ kò sì tíì gbé ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì, ẹ padà lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ kẹta. Ẹ tọ́jú ìdodo ọmọ tuntun, ẹ fọ egbò àti eéwo ọmọ kí wọ́n mọ́, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò fún fòní-kú-fọ̀la-dìde.

Owó tí yóò fa ọyún jáde lọ́jọ́ kìíní lè dà bí èyí tó pọ̀ lójú ẹni tí kò tíì ta kájù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí iye tí wọ́n ń ná lórí òrùka onírin, àti iye oṣù tí ìyá fi ń kúrò lójú ọjà nítorí rẹ̀, á mọ̀ pé òun ló kéré jù nínú gbogbo owó tí ìbàdí ọmọ lè gbà lọ́wọ́ ìdílé.